Ẹ̀kọ́ Ìgbèríko ní Agbègbè Ọ̀jọ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Olùkọ́ àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Ìmúdára ẹ̀kọ́ ìgbèríko ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó, ni àpapọ̀ akitiyan tí àwọn ìjọ ajíhìnrere, ìjọba, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti aráàlú ti ń ṣe láti ayé òyìnbó títí di òní, kí ọmọ tí a bí sí etí ọ̀sà lè rí ẹ̀kọ́ tí ó jíire gbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni akitiyan náà ń tọ̀. Èkíní ni kíkọ́ olùkọ́ ní iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó dúró níwájú ọmọ, àti títún un kọ́ nígbà tí ó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́; èkejì ni lílo ẹ̀rọ, láti orí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì àti amóhùnmáwòrán ayé àtijọ́ dé orí kọ̀ǹpútà àti tábúlẹ́ẹ̀tì ayé òde òní. Nínú méjèèjì, ti olùkọ́ ni ó pẹ́ jù, òun náà ni ó sì ní ẹ̀rí tí ó fìdí múlẹ̀ jù.

Agbègbè náà

Ọ̀jọ́ jẹ́ ìlú Àwórì ní apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Àgbádárìgì. Ọlọ́jọ́ ni ọba tí ó ń jẹ níbẹ̀, Oníbà ni ti Ìbà tí ó múlé tì í, Okokomaiko sì wà lójú títì gan-an, níbi tí èrò ti ń sọ̀ tí wọ́n sì ti ń wọkọ̀ láti òwúrọ̀ kùtùkùtù di alẹ́. Bárékè àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wà ní Ọ̀jọ́, ti àwọn ọmọ ogun ojú omi kò jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjà Alábà, ìyá ọjà fún ohun èlò oníná, wà ní agbègbè kan náà. Ẹni tí ó bá dúró sójú títì lè rò pé ìgbèríko ti tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọjú sí ìhà gúúsù, tí ó sì kọjá omi, yóò kan Irewe, Tafi àti àwọn abúlé apẹja mìíràn tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé olùkọ́ lọ síbẹ̀, tí ó sì ń gbé e bọ̀. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì wà kí ó tó di pé Ìpínlẹ̀ Èkó yọ Ìbà àti Ọ̀tọ̀-Àwórì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbègbè ìdàgbàsókè ní ọdún 2003.

Èdè àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ṣọ̀kan. Àwórì ni onílé, Ègùn pọ̀ láàárín àwọn apẹja, àwọn Ìgbò pọ̀ ní ọjà Alábà, àwọn ọmọ ṣójà tí ó wà ní bárékè sì ti ìhà gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà wá, láti orí Haúsá dé orí Tífì. Ọ̀rọ̀ èdè yìí ṣe kókó nínú ohun gbogbo tí a ó sọ nípa ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Ìtàn

Ìhà etí òkun yìí ni ẹ̀kọ́ ìwé ti àwọn ajíhìnrere ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, nígbà tí ó sì fi di ọdún 1843, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ti wà níbẹ̀ lábẹ́ àbójútó William de Graft àti ìyàwó rẹ̀. Ní ọdún 1845 ni Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther ti CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, dé ìlú kan náà. Láti ibẹ̀ ni ìwé ti gbéra, tí ó wọ Abẹ́òkúta, tí ó wọ Ìbàdàn, tí ó sì tàn ká àárín ilẹ̀ Yorùbá.

Kò pẹ́ tí àwọn ajíhìnrere fi mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́ tí a kọ́, ògiri lásán ni. Ní ọdún 1853 ni CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí rògbòdìyàn tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé lé àwọn òyìnbó kúrò láàárín wọn ní ọdún 1867, ilé-ẹ̀kọ́ náà kó wá sí Èkó, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di ọdún 1896 tí ó fi ṣí lọ sí Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti di St. Andrew's College, ilé tí ó wo ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n olùkọ́ dàgbà. Nígbà tí ó yá, ìjọba náà kò lè dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ olùkọ́ mọ́. Ìwé ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 1925 nípa ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ wọn sọ pé kí a máa lo èdè àbínibí, kí ẹ̀kọ́ bá ìgbé ayé àwọn ènìyàn mu, kí a sì ní olùkọ́ alábẹ̀wò tí yóò máa rìn láti abúlé dé abúlé láti ran àwọn olùkọ́ ìgbèríko lọ́wọ́. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1926 sì tẹ̀ lé e, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ láì jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn olùkọ́.

Ọdún 1955 ni ilẹ̀ mì tìtì. Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ti gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti ọdún 1952. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní ọdún 1955, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn fò láti 456,600 ní ọdún 1954 sí 811,432 ní ọdún 1955. Nígbà náà ìlú Èkó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n Ẹkùn Àgbádárìgì, tí agbègbè Ọ̀jọ́ wà nínú rẹ̀, wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Nípa bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Àwórì inú oko àti ti etí omi wọ inú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣáájú àwọn ọmọ ìlú Èkó fúnra wọn, nítorí pé ọdún 1957 ni tiwọn bẹ̀rẹ̀.

Ayọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọmọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àná dé lọ́jọ́ kan, olùkọ́ kò sì lè hù láti inú ilẹ̀ bí olú. Àwọn tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá ni a fi dí àlàfo náà ní ọ̀pọ̀ ibi, ìgbèríko ni ó sì gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí pé ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí gíga kì í fẹ́ gbé ibi tí kò sí iná, tí kò sí omi ẹ̀rọ. Ìṣòro yìí tún dé nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, ó sì tún dé nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè, gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1979 sí 1983, fagi lé ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ àárọ̀ àti ọ̀sán, tí ó sì kọ́ àìmọye yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láàárín ìgbà díẹ̀ kí gbogbo ọmọ lè máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní àárọ̀. Lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yàrá ni ó ṣáájú, olùkọ́ ni ó ń sáré tẹ̀ lé e. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ fún Gbogbogbòò ti ọdún 2004, tí ó yà ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ni ó wá sọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ di ohun tí a ń nawó sí lọ́dọọdún.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́

Agbègbè Ọ̀jọ́ ní oríire kan tí ọ̀pọ̀ agbègbè kò ní: méjì nínú àwọn ilé tí a ti ń kọ́ olùkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Èkíní ni èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1958 ní Surulere fún kíkọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó wá di kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó kó lọ sí Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, tí a sì fi orúkọ Olóyè Adéníran Ògúnsànyà sọ. Ní ọdún 2022, òun àti kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Ọ̀tẹ́dọlá tí ó wà ní Nọ́fọ́rìjà, Ẹ̀pẹ́, para pọ̀ di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Èkejì ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí ìjọba Jákàńdè dá sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983, tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti Nàìjíríà, tí ó jáde ní ọdún 1977, pinnu pé NCE, ìwé-ẹ̀rí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, ni yóò di èyí tí ó kéré jù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní. Fún àwọn tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní abúlé, tí wọn kò lè fi ọmọ sílẹ̀ lọ gbé ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́ta, Iléeṣẹ́ Àwọn Olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀, NTI, tí a dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1976, ṣí ọ̀nà ẹ̀kọ́ láti òkèèrè: wọ́n ń ka ìwé nílé, wọ́n ń pàdé olùtọ́sọ́nà ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní àkókò ìsinmi. Òfin ọdún 1993 sì gbé ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, TRCN, kalẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí ti Ifẹ̀

Nínú gbogbo ohun tí a ti dán wò ní ilẹ̀ Yorùbá lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tí a kọ sílẹ̀ tó bí iṣẹ́ ìwádìí ti Yunifásítì Ifẹ̀ lórí ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí a ṣe láti ọdún 1970 sí 1978. Ẹni tí ó ṣagbátẹrù rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Alíù Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Èkó àkéte ìlú ọgbọ́n, tí a bí ní ọdún 1923 tí ó sì re ìwàlẹ̀ àsà ní ọdún 2010, ẹni tí ó kọ́kọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà, tí ó sì ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 1990 sí 1992. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó ràn án lọ́wọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, àṣà tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kí a sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ìdajì ọ̀nà, nígbà tí ọmọ kò tíì di èyíkéyìí mú dáadáa. Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí a fi Yorùbá kọ́ àwọn kíláàsì kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ nípa àwùjọ, kí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́, tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú yóò máa kọ́ wọn. Wọ́n sì fi kíláàsì tí ń tẹ̀ lé àṣà àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí a lè fi wé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan ni ó wà nídìí ọ̀ràn èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ ìwé tuntun ní èdè Yorùbá fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò tíì ní orúkọ, wọ́n sì pe àwọn olùkọ́ jọ láti kọ́ wọn bí a ti ń lo àwọn ìwé náà.

Àbájáde rẹ̀ wà nínú ìwé tí Fáfúnwá, Macauley àti Sókọ̀yà ṣe àkójọ rẹ̀ ní ọdún 1989. Àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fakọ yọ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ju ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń bẹ̀rù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọmọ tí ó fi èdè ìyá rẹ̀ mọ ìdí ọ̀rọ̀ kò ní í ṣòro fún láti mọ̀ ọ́n ní èdè àlejò. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ ni àwọn onímọ̀ èdè tọ̀ lẹ́yìn náà, tí a fi ní ìwé èdè-ìperí Yorùbá apá kìíní lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ní ọdún 1984 àti apá kejì lábẹ́ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ní ọdún 1990, tí olùkọ́ fi lè sọ̀rọ̀ nípa gírámà àti lítíréṣọ̀ láì yá ọ̀rọ̀ lò.

Kókó kan wà tí àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ní èdè àbínibí ni ó fún àwọn ọmọ náà ní agbára. Àwọn mìíràn ní ó ṣeé ṣe kí ìwé tuntun, olùkọ́ tí a tún kọ́ àti ojú gbogbo ayé tí ó wà lára kíláàsì náà ti kó ipa tí ó pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé olùkọ́ tí ó mọ̀ pé a ń wo òun kì í sùn sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí náà mọ̀ nípa àtakò yìí, ìdí nìyí tí wọ́n fi mú iṣẹ́ náà kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kí ó tó parí. Ohun tí a lè sọ láì ṣàṣejù ni pé èdè, ìwé àti olùkọ́ ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Ifẹ̀, kò sì rọrùn láti fa ọ̀kan yọ kí a ní òun nìkan ni ó ṣe é. Ìhà tí ẹnikẹ́ni bá fì sí, kò sí ẹni tí ó jiyàn pé olùkọ́ tí a kọ́ dáadáa wà láàárín ọ̀rọ̀ náà.

Fún agbègbè Ọ̀jọ́, ẹ̀kọ́ Ifẹ̀ nílò ọgbọ́n kún un. Ní Irewe, Yorùbá àti Ègùn tó láti kọ́ ọmọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ inú bárékè, ọmọ ogójì nínú kíláàsì kan lè sọ èdè mẹ́fà. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2018, tí ó sọ Yorùbá di iṣẹ́ tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ máa kọ́, ran ọ̀ràn náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí a kọ́ láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ tí kì í ṣe Yorùbá ni yóò mú un ṣẹ.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ

Èrò pé ẹ̀rọ lè gbé ohùn olùkọ́ dáadáa dé abúlé kì í ṣe ohun tuntun. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n sọ pé ó mú kí àwọn dá a sílẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ní àkókò tí olùkọ́ kò tó. Ní ọdún 2013, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, tábúlẹ́ẹ̀tì tí a kó ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè ra ìwé má bàa jókòó lásán.

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ètò EKOEXCEL ni ó kan àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Ọ̀jọ́. Oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀ náà, SUBEB, pẹ̀lú iléeṣẹ́ NewGlobe tí ó ti ṣe irú rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó láti ọdún 2018. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni pé a pe àwọn olùkọ́ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, a sì fún wọn ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ohun tí olùkọ́ yóò sọ, ohun tí yóò kọ sára pátákó, ìbéèrè tí yóò bi ọmọ àti àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ẹ̀rọ náà ń sọ fún àwọn alábòójútó bóyá olùkọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ àti ibi tí ó bá iṣẹ́ dé. Ètò yìí wúlò fún olùkọ́ tí kò tíì gbó nínú iṣẹ́, ó sì wúlò jù lọ fún ilé-ẹ̀kọ́ tí kò rọrùn fún alábẹ̀wò láti dé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá béèrè ohun tí kò sí nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, ọgbọ́n orí olùkọ́ nìkan ni yóò dá a lóhùn.

Àrùn kòrónà, tí ó ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020 kan náà, ni ó fi hàn ibi tí ẹ̀rọ lágbára sí àti ibi tí ó kù sí. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti amóhùnmáwòrán, ó sì pín rédíò kékeré fún àwọn ọmọ kan. Rédíò ni ó wọ ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé, nítorí bátìrì ni ó ń jẹ, kì í béèrè dátà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Agbègbè náà kò sì ṣàìní rédíò: LASU ní iléeṣẹ́ rédíò tirẹ̀ ní Ọ̀jọ́, lórí ìkànnì 95.7.

Bí ọ̀ràn ti rí

Ohun tí ìtàn agbègbè yìí fi kọ́ni ni pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: olùkọ́ kò lè nìkan dé gbogbo etí omi, ẹ̀rọ kò sì lè mọ ọmọ tí ebi ń pa tàbí ọmọ tí kò gbọ́ èdè. Gbogbo ohun tí a nílò kò jìnnà sí ara wọn. Ilé tí a ti ń kọ́ olùkọ́ wà ní Ìjànikin àti ní Ọ̀jọ́. Àwọn tí ó mọ ẹ̀rọ tún ṣe, tí wọ́n lè fi agbára oòrùn tan iná sí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé, ń bẹ ní Alábà. Ohun tí ó wà láàárín wọn àti ọmọ Irewe kò ju omi tí ọkọ̀ ojú omi ń kọjá lójoojúmọ́ lọ.

Kí a tó ra tábúlẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ronú nípa ẹni tí yóò dì í mú: kí a yan àwọn ọmọ etí omi fúnra wọn sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, nítorí ẹni tí a bí sí Tafi kò ní í ka Tafi sí ibi ìyà, kí a kọ́ wọn ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba, kí a san owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ilé fún olùkọ́ tí ó bá gbà láti gbé ibẹ̀, kí àwọn yunifásítì méjèèjì sì máa rán akẹ́kọ̀ọ́ wọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ sí abúlé bí wọ́n ti ń rán wọn lọ sí ìlú. Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìjọba, òbí àti ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀jọ́ àti Ìjànikin, ọmọ tí ó wà ní òdìkejì omi ń retí yín.